Orúkọ Tí Buakam Ń Pè Mọ́ Àwọn Alààyè

“Sọ fún ẹnìkejì yẹn kó rọra o,” ni Ìyá Nuan wí láti orí ẹní. Ó dojú bolẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lé ìrọ̀rí. “Egungun arúgbó lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn, kì í ṣe ìyẹ̀fun.”

Buakam dáwọ́ dúró. “Ẹnìkejì wo, Ìyá?”

“Èyí tó wà lápá ọ̀tún mi.”

Kò sí ẹnikẹ́ni lápá ọ̀tún rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ìwọ́ra tó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì ìlú: ẹní mẹ́ta, pẹpẹ kékeré tí ère Bàbá Chiwok jókòó lé, fáànù àtijọ́ kan tó ń kùn bí ìyàwó tí wọ́n rẹ́ jẹ, àti àga onípákó kan lẹ́bàá fèrèsé. Òjò ọ̀sán ti dá, oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ọgbà ń rú èéfín. Buakam wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn méjì péré ni.

“Èmi nìkan ni mo wà níbí, Ìyá.”

“Buakam, ogún ọdún ni mo ti ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní yìí. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní iye ọwọ́ tó wà lẹ́yìn mi? Mẹ́rin ni. Méjì gbóná, méjì tutù bí omi inú ìkòkò. Àti pé ọ̀kan nínú àwọn tó tutù yẹn...” Nígbà tó tún fọhùn, àwàdà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Àtàǹpàkò rẹ̀ ká kò.”

Irun ọrùn Buakam dìde. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ rí nínú ilé yẹn, ní gbogbo ìlú Phrae, tí kò mọ ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ ká kò. Ìyá Tip ni, obìnrin tó ni ilé ìwọ́ra náà, tó sì kọ́ Buakam níṣẹ́. Okùn ẹfọ̀n ló fa àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sì nà mọ́ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Tip ti kú. Lọ́jọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, ó pé ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún gééré tó ti kú.

Ìyá Nuan dìde jókòó, ó ń de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n sun nínú ọparun ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lọ́jọ́ yẹn, ó de bọ́tìnì mẹ́rin kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

“Ẹ̀rù ò bà mí o,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Èmi àti Tip la jọ ń jí máńgòrò ká ní kékeré. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe? Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún un pé ó ti kú. Kó yéé tẹ egungun mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. Buakam náà rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ká sọ tòótọ́, Buakam ti fura kó tó di ọjọ́ náà. Ó kàn ń daṣọ bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Tip, Ìyá Tip kì í sì í ṣe olùkọ́ tó ń pọ́nni lé. Bí Buakam bá fi agbára tẹ ènìyàn, á gbá a lọ́rùn ọwọ́. “Ta ló ní o bá a jà? Afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe ẹran. Ọ̀nà mẹ́wàá ló ti ìdodo jáde, tó gba gbogbo ara kọjá. Bí ọ̀nà bá dí, ara á le gbagidi. Tìẹ ni kó o wá ibi tó dí, kó o fi ìwúwo ara rẹ sí i, kó o sì dúró dè é. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó lọ máa gún ata.” Obìnrin, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn títẹ̀ ni nínà: wọ́n á gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àwọn àgbà inú ihò àpáta ṣe máa ń na ara wọn láyé ìjọ́hun nígbà tí wọ́n bá ti jókòó ṣàṣàrò pẹ́ jù. “Gbogbo rẹ̀ pátá, àánú ni,” Ìyá Tip á wí. “Ọwọ́ kàn ń bá wa gbé e kiri ni.”

Ìtàn kan wà tí kì í sú u. Bàbá Chiwok, oníṣègùn Búdà fúnra rẹ̀, tí gbogbo awọ́ra ń pè ní baba, nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ yí gbogbo ẹ̀yìn odi ìlú ká, kó mú ewé kan tí kì í ṣe oògùn wá. Ó rìn títí, ó wò títí, ó pa dà wálé lọ́wọ́ òfo, ojú tì í. Olùkọ́ wò ó, ó ní, “Máa lọ sílé. O ti mọṣẹ́.” Bí Ìyá Tip bá sọ ọ́ débẹ̀, á yíjú sí Buakam. “Ọwọ́ òfo ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìwọ náà, lọ́jọ́ tó o bá wá bá mi lọ́wọ́ òfo, màá so òwú funfun mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, wàá sì lè ṣí ẹnu-ọ̀nà afẹ́fẹ́.”

Ẹnu-ọ̀nà afẹ́fẹ́ yìí wà níbi tí itan ti pàdé ara. Awọ́ra á fi àtẹ́lẹwọ́ tì í títí ìlù ẹ̀jẹ̀ á fi dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á ka èémí, á wá ṣí i, ìgbóná á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, wàhálà ni. Bó bá yá jù, asán ni. Ìyá Tip kò jẹ́ kí Buakam fọwọ́ kàn án rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ọdún náà kọ́kọ́ rọ̀, wọ́n bá Ìyá Tip lórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ewé tíì kíkan tó máa ń jẹ bí obì ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ ti dákẹ́. Kò so òwú kankan mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n sun òkú náà ni wọ́n gbé Bàbá Inta dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ará òdìkejì odò, kò tẹ ilé ìwọ́ra náà rí, kò sì mọ Ìyá Tip lójú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún: ọwọ́ kò gbé, ẹsẹ̀ kò tẹ̀, ahọ́n kò sọ̀rọ̀. Kaew ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sọ gbogbo rẹ̀.

“Fèrèsé tẹ́ńpìlì ló ń gbẹ́ lọ́wọ́ tó fi ṣubú,” ni Kaew wí. “Ó gbẹ́ ẹyẹ sí i. Ẹyẹ náà ní ìyẹ́ kan, kò ní ìkejì. Ojoojúmọ́ ló ń wò ó tó ń sunkún. Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, pé ẹ lè wọ́ ọ. Ẹ dákun.”

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Buakam ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ gòkè, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ibi itan lòun máa dúró, torí òun kò gba òwú. Ìgbà tó máa fi mọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹnu-ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó ti tì í. Ó fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò, ọwọ́ kò gbọ́. Iye èémí tí Ìyá Tip máa ń dúró gan-an ni ọwọ́ náà dúró, kò lé, kò dín. Ló bá ṣí. Bàbá Inta mí kanlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti tutù fún oṣù méjì pọ́n wá láti itan dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà mì. Kaew bú sẹ́kún. Buakam náà sunkún, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní ẹ̀rù nínú. Ó ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Èmi kọ́ o. Èmi kọ́ ni mo ṣe é.”

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti Tawin ọkọ rẹ̀ ń jẹun. Tawin, tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ń fi ìrẹsì nu ata inú àwo, ló bá gbójú sókè.

“Láti ìgbà wo lo ti ń jẹ ìyẹn?”

“Kí ni?”

“Ohun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ.”

Buakam fi ìka yọ ọ́. Ewé tíì kíkan ni, wọ́n fi iyọ̀ sí i láàárín, wọ́n sì ká a bí Ìyá Tip ṣe máa ń ká a, igun kan wọnú ìkejì. Láti kékeré ni Buakam ti kórìíra nǹkan yẹn, òórùn rẹ̀ lásán ń rìn ín lára. Kò rántí ibi tó ti rí i. Kò rántí ìgbà tó fi í sẹ́nu.

“Àtàǹpàkò rẹ ńkọ́?” ni Tawin tún wí. “Ìwọ ò rí i ni? Ó ń di ti olùkọ́ ẹ yẹn.”

“Jẹ́ n jẹun, Tawin.”

“Jẹun o. Mo kàn ń sọ tèmi ni. Obìnrin kan ni mo fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé méjì ni.”

Àwàdà ni Tawin pè é. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ọ̀tún Buakam ti ń le lóòótọ́, ó ń tẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀, bó bá sì fi ọwọ́ òsì nà án, ó tún ń pa dà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí Ìyá Nuan ka ọwọ́ mẹ́rin, olórí àwọn mọ́ńkì wá sí ilé ìwọ́ra láàárọ̀ kùtù, láti sọ̀rọ̀ nípa ètò ọgọ́rùn-ún ọjọ́ Ìyá Tip tó máa bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Arúgbó tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ni, gbogbo ìlú ló ń pè é ní Bàbá. Ó bá Buakam lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kó má baà dí i lọ́wọ́.

Nítorí awọ́ra kì í fọwọ́ kan ara ẹnikẹ́ni lójúmọ́ kó tó kí àwọn olùkọ́. Ẹni tó bá fò ó, ó ti ṣẹ olùkọ́, gbogbo afẹ́fẹ́ burúkú tó bá yọ lára aláìsàn, ara tirẹ̀ ni yóò wọ̀. Kíkí náà sì ní bó ṣe tò: Búdà ṣáájú, Bàbá Chiwok tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà, àwọn olùkọ́ tó ti lọ, lẹ́yìn náà, àwọn olùkọ́ tó ṣì wà láyé, bàbá àti ìyá ló kẹ́yìn.

“Ẹ̀yin olùkọ́ tó ti lọ,” ni Buakam ń wí, ojú rẹ̀ dì, “Ìyá Noi, Bàbá Pan, mo kí yín. Ẹ̀yin olùkọ́ mi tó wà láàyè, tó jókòó nínú ilé yìí, Ìyá Tip, mo kí yín. Ẹ wá sínú ọwọ́ mi.”

“Tún un pè,” ni Bàbá wí láti ẹnu ọ̀nà.

Buakam ta gìrì. “Bàbá! Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé...”

“Mo ní tún un pè. Ti ìparí yẹn. Ta lo pè mọ́ àwọn alààyè?”

Ìgbà yẹn gan-an ni etí Buakam ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ. “Ẹnu mi ló ti mọ́ ọn, Bàbá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi pè é báyẹn.”

“O ò wá yí i pa dà látìgbà tó ti kú?”

“Rárá.”

“Àárọ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.” Bàbá wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Buakam rí i pé kò wo apá ibi tí àga ẹ̀bá fèrèsé wà.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé wọ́n wà níbí?”

“Èmi ò sọ pé ó wà níbí. Mo ní o pè é. Ẹni tí a bá pè ló ń jẹ́. Bí ẹni tí a pè ò bá lè jẹ́ mọ́, ẹni tó pè é ni yóò máa bá a jẹ́ ẹ.” Ó na ìka sí ọwọ́ rẹ̀. “Na àtàǹpàkò yẹn kí n rí i.”

Buakam na án. Kò nà.

“Hẹn,” ni Bàbá wí. “Lọ́jọ́bọ̀, àwa á wà nínú tẹ́ńpìlì, à á máa sọ fún un pé ó tó, máa lọ. Ìwọ á wà níbí, wàá máa sọ fún un pé wá. Ẹ̀mí ẹni kan ṣoṣo, Buakam. Ta ni kó dá lóhùn?”

Buakam mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kó yí orúkọ kan láti ibì kan sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n Bàbá Inta ńkọ́?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Inta dìde nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó di òpó mú, ó dúró, Kaew ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó di pé ó tún jókòó, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sọnù. Ó wo Buakam, ó wo apá fèrèsé, ó tún wo Buakam, ó ní, “Ì... ì...” Ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Kaew kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Buakam mú. “Ẹ má fi wá sílẹ̀ o. Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́. Ọwọ́ yín yìí ni gbogbo ayé wa báyìí.”

Buakam wo ọwọ́ tí wọ́n di mú. Ó ń ronú pé bí Kaew bá mọ ẹni tó ni ín, bóyá ì bá jù ú sílẹ̀. Ó tún ń ronú pé bí òun bá lé ẹni tó ni ín lọ, Bàbá Inta á pa dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹyẹ náà á sì wà pẹ̀lú ìyẹ́ kan títí ayé. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ yí orúkọ náà pa dà, kò lè ṣe é. Ó tún pè é mọ́ àwọn alààyè. Ní ti gidi, kì í ṣe ẹnu ló mọ́ ọn mọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Nuan wá. Ó dùbúlẹ̀. Buakam ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà tí ọwọ́ dé èjìká, Ìyá Nuan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí ìrọ̀rí.

“Ṣé mo tẹ̀ yín le ni, Ìyá?”

“Kì í ṣe ìwọ. Ọwọ́ tó tutù yẹn. Ó ń gbọ̀n.”

“Ó ń gbọ̀n?”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́, Buakam. Tip ò ní sọ. Láyé rẹ̀ náà, á rẹ̀ ẹ́ títí, kò ní sọ. Orí àga ni wọ́n bá a, kò tíì jẹun àárọ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Mo mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń gbọ̀n nìyí.”

Buakam gbọ́wọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí ló fi jókòó. “Bí wọ́n bá lọ, Ìyá, òfo ni mo kù o. Wọn ò so òwú fún mi. Mi ò mọ nǹkan kan. Bàbá Inta á rọ pa dà, èmi ni màá sì jẹ̀bi rẹ̀.”

“Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.” Ìyá Nuan dìde jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Èmi ò mọ̀wé, mi ò mọ oògùn, ìrẹsì ni mò ń tà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé arúgbó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lò ń jí láràárọ̀ pé kó dìde wá ṣiṣẹ́. Òkú sì ni. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní àánú nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Buakam dé egungun.

Lọ́jọ́bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ àwọn olùkọ́, ó dé ilé ìwọ́ra kí agogo tẹ́ńpìlì tó lù. Ó fi òdòdó tuntun sórí pẹpẹ, ó tan tùràrí. Ó gbé ewé tíì kíkan kan sínú àwo kékeré níwájú àwòrán Ìyá Tip, èyí tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀.

Ó kí Búdà. Ó kí Bàbá Chiwok. “Ẹ̀yin olùkọ́ tó ti lọ,” ló wí, “Ìyá Noi, Bàbá Pan...” Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ nínú yàrá náà, bẹ́ẹ̀ ni èéfín tùràrí ń tẹ̀ lọ sí apá fèrèsé. Ó mí. Ó tún mí. “Ìyá Tip. Ẹ̀yin náà ti lọ, Ìyá. Mo kí yín. Ẹ má wá mọ́. Ẹ lọ sinmi.” Omijé gba ojú rẹ̀. “Ọwọ́ òfo ni mo mú wá.”

Lẹ́yìn rẹ̀, àga ẹ̀bá fèrèsé dún kẹ̀ẹ́, bí àga ṣe máa ń dún tí ènìyàn bá dìde kúrò lórí rẹ̀.

Buakam kò bojú wẹ̀yìn. Ó pe bàbá àti ìyá rẹ̀ parí, ó forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì jáde lọ sí tẹ́ńpìlì láìwo apá ibẹ̀. Wọ́n gbàdúrà ọgọ́rùn-ún ọjọ́ náà, òwú funfun lọ láti ọwọ́ mọ́ńkì kan dé ọwọ́ ìkejì. Nígbà tó parí, Bàbá ń gé òwú náà fún àwọn ènìyàn, ó ń so ó mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́. Ó kan Buakam.

“Ẹ fún mi lọ́wọ́ báyẹn, Bàbá. Síso rẹ̀ kò tíì tọ́ sí mi.”

Bàbá wò ó, kò bi í ní ìbéèrè, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Buakam ká a sápò.

Agogo méjì ọ̀sán, Bàbá Inta dé. Ọ̀pá ló fi wọ́ ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé orí ẹní, Kaew ń tẹ̀ lé e, kò dì í mú. Kaew fi í sílẹ̀ ó lọ sọ́jà, bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá Inta dùbúlẹ̀, Buakam jókòó síbi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Kò sí ẹni tó ń bá a gbé e. Ó wá ojú ọ̀nà àkọ́kọ́, ó ṣì í, ó tún un wá, ó rí i. Ó fi ìwúwo ara rẹ̀ sí i, ó dúró. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rìn nínú ilé tí iná ti lọ. Ìgbà tó dé itan, ó dáwọ́ dúró.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹnu-ọ̀nà afẹ́fẹ́. Òun ló gbé e lé e. Ó tì í títí ìlù ẹ̀jẹ̀ fi dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń ka èémí. Kì í ṣe ti Ìyá Tip, ti Bàbá Inta ló ń kà, torí òun ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí èémí náà jìn, tó sì rọlẹ̀, ó ṣí i.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ náà funfun. Ó ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ó parí, nígbà tí awọ itan náà pọ́n díẹ̀, ó dé orúnkún, ó rọra dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gbóná.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Inta lanu. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ti ẹrù wúwo gba ẹnu ilẹ̀kùn.

“Ìyá... tó ń jẹ tíì.”

Buakam rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. “Kí lẹ wí, Bàbá?”

“Kò sí... lórí àga.” Ó fi ojú tọ́ka sí ẹ̀bá fèrèsé. “Ojoojúmọ́... ló máa ń wà níbẹ̀. Mo rò pé... ìyá ẹ ni.”

Fáànù ń kùn. Buakam di etí ẹní mú. “Kí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, Bàbá?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń jẹ tíì. Ó ń wò ẹ́.”

“Wọn kì í wá sórí ẹní? Ọwọ́ mélòó ló máa ń wà lára yín?”

Bàbá Inta wò ó bí ẹni ń wo òmùgọ̀. “Méjì. Ọwọ́ mélòó... lo ní?”

Bàbá Inta sinmi díẹ̀, ó tún kó èémí jọ, ó jọ pé ọ̀rọ̀ kan kù tó fẹ́ kí ó jáde kó tó rẹ̀ ẹ́.

“A pàdé... lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń wọlé. Ó mú agbòòrùn... dání. Ó ní òun ń lọ sílé.”

“Wọn ò sọ nǹkan mìíràn?”

“Ó ní...” Ó wá a, ó rí i. “Ó ní, ‘Ó ti mọṣẹ́.’”

Buakam fi ojú sórí orúnkún, ó sunkún bí ọmọdé. Bàbá Inta dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó sunkún tó, ó nu ojú, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ òwú funfun náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ nà tààrà lórí rẹ̀; kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó nà. Ó ran Bàbá Inta lọ́wọ́ kó jókòó, ó gbé òwú náà lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí kò tíì di nǹkan kan mú láti ìgbà tó ti ṣubú.

“Ẹ bá mi so ó, Bàbá.”

Bàbá Inta wo òwú, ó wo ìka ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Òwú náà bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Buakam ṣà á, ó tún gbé e fún un. Nígbà tí Kaew ti ọjà dé, ó bá àwọn méjèèjì lórí ẹní, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, Buakam na ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró.